Ọjọ́ Tí Àwa Méjèèjì Jókòó Jẹun

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló sọ ọ́, wọn ò sì ní èrò burúkú kankan lọ́kàn tí wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n pè mí láti bèèrè irú ankará tí a máa mú fún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ìgbéyàwó wa, kí wọ́n lè tètè sọ fún àwọn ẹbí ní Òṣogbo. Mo ní a ò ní ṣe ìnáwó, pé àwa méjèèjì kàn fẹ́ jáde lọ síbì kan, ká sì padà wálé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan láàrin ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Wọ́n ṣàdúrà fún wa, mo ṣe àmín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, mò ń gbọ́ ọ. Bí mo bá wà nínú dánfó, mò ń gbọ́ ọ. Báwo ló ṣe jẹ́ pé tí tọkọtaya bá ní àwọn fẹ́ dá wà pọ̀ fún ọjọ́ kan péré, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó fẹ́ràn wọn ni pé ìjà ti wà nílẹ̀? Ká ní a gba gbọ̀ngàn ni, ká pe olórin, ká kó aṣọ ẹbí jáde, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá àwa méjèèjì ṣì ń bára wa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ẹbí, ọjọ́ tọkọtaya

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú: mi ò kórìíra ìnáwó. Ìdí ìlù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì mọ adùn tó wà nínú kí gbogbo ẹbí wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n jó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ ìdána wa, ẹbí ló ni ín, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń darí wa, àwọn bàbá ló sọ̀rọ̀, àwọn ìyá ló gba ẹrù ìdána. Ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí aṣọ funfun wọn fi pa àwọ̀ dà. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé kan ló ń fẹ́ ilé kan, àwọn tó sì wá jẹ́rìí lọ́jọ́ náà làwọn tí a máa sá tọ̀ lọ tí nǹkan bá fẹ́ dàrú. Mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ìyẹn lójú mi.

Ṣùgbọ́n àyájọ́ ìgbéyàwó kì í ṣe ìdána. Àwọn ìyá ìyá wa ò mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọmọge á sun ẹkún ìyàwó, wọ́n á sìn ín lọ sílé ọkọ, wọ́n á da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, ó di ará ilé nìyẹn. Ta ló ń ka déètì? Tí a bá bi ìyá ìyá mi ní ọdún tí wọ́n dé ilé ọkọ, wọ́n á ní ọdún tí eṣú jẹ oko ni, tàbí kí wọ́n fi ọjọ́ orí àkọ́bí wọn ṣírò rẹ̀. Ìgbéyàwó òrùka ló mú déètì wá: ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù, òfin ìgbéyàwó tí ìjọba amúnisìn ṣe ní Èkó ní ọdún 1884, àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí. Tó bá wá jẹ́ pé nǹkan tuntun ni, tí kò sí baba ńlá kankan tó là á sílẹ̀ fún wa bí a ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ló dé tí a fi yára sọ ọ́ di ìdána kejì?

Ti owó tún wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí gbogbo wa la jọ ń rí i. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ohun tí wọ́n ń lò níbi ìnáwó tí owó ẹ̀ ò fò sókè, látorí ìrẹsì dórí epo jẹnẹrétọ̀. Mo mọ tọkọtaya kan tó ṣì ń san gbèsè ayẹyẹ ọdún kẹwàá wọn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá ní ìyàwó níní ò ṣòro, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Òwe yẹn ò sọ pé kí èèyàn wá kó owó ọbẹ̀ náà dà sórí àyájọ́ ìyàwó tó ti ní.

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀

Ọkọ mi ló dárúkọ Abẹ́òkúta. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá nínú àwa méjèèjì, ọkọ̀ ojú irin ló wù ú. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ló ti ń sọ pé a máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. A kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, a wọkọ̀ láàárọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágọ́mejì, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹni tó bá ti bá ọkọ rẹ̀ gba Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta rí nínú mọ́tò á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Lójú ọ̀nà yẹn, ojú ọkọ èèyàn ò ní kúrò lójú kòtò, ẹnu rẹ̀ ò ní kúrò lára àwọn onídánfó, ọwọ́ rẹ̀ ò ní kúrò lára sítíà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò mú nǹkan kan dání. Ó gbé e lé itan, ó ń wo oko àti igbó bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́yìn Agbádó. Mo rí àpá kékeré kan ní àtàǹpàkò rẹ̀ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní okùn jẹnẹrétọ̀ ló bó o nígbà tó ń fà á, ó ti pẹ́. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò sì mọ̀.

Ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wole Soyinka pè, wà ní Láderin, ó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. A wọ takisí dé Olúmọ. Wọ́n ṣe lífìtì síbẹ̀ fún ẹni tí orókún bá ń yọ lẹ́nu, àmọ́ a fẹsẹ̀ gùn ún díẹ̀díẹ̀, à ń dúró mí. Abẹ́ àpáta náà ló mú mi lọ́kàn jù, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé ní ọdún 1830 ti rí ibi sá sí lọ́wọ́ ogun. Òkè ibẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé a ní láti tẹ̀ ba kí a tó lè wọlé. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri fi àwọn ihò róbótó kan hàn wá lára òkúta, ó ní ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan tí wọ́n ń jẹ. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn. Inú rẹ̀ ń dán, ó tutù, bí inú abọ́ tánganran. Ẹnì kan ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn rí nígbà tí ọ̀tá wà nísàlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀la máa mú wá, ó ń lọ àgbàdo kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí nǹkan fi sẹ́nu.

Mo sọ fún ọkọ mi pé ìyẹn wú mi lórí ju gíga òkè náà lọ, tí wọ́n ní ó tó mítà 137 sókè ìpele òkun. Kò fèsì. Ó wò mí, ó tún wo ihò náà. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. A gòkè dé orí rẹ̀, a wo odò Ògùn, a wo àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n, a wo ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké lọ́ọ̀ọ́kán, a sọ̀ kalẹ̀.

Ìrẹsì ọ̀fàdà

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tí a dé ìsàlẹ̀. A rìn gba ọ̀nà Ìtokú, lápá ibi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, a sì rí màmá kan tó ń ta ìrẹsì ọ̀fàdà. Bẹ́ǹṣì pákó kan ló wà níbẹ̀ àti tábìlì kan. Màmá bu ìrẹsì sínú ewé, wọ́n da ọbẹ̀ ayamáṣẹ lé e: ata tútù, epo tí wọ́n ti yọ́ títí pípọ́n rẹ̀ fi lọ, irú tó ń ta sánsán, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹyin kọ̀ọ̀kan. A ṣan ọwọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi wá mú ẹyin tiẹ̀, ó gbé e sínú ewé mi.

Mo ní, "Bàbá Fèyí, jẹ ẹyin ẹ jàre."

Ó ní, "Jẹ ẹ́. Ebi pa ọ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó wa."

Mo ti gbàgbé pátápátá. Òun ò gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi, kò wo ojú mi, ìrẹsì iwájú rẹ̀ ló ń wò. Ó ní a wà lórí àga ńlá tí wọ́n gbé ka iwájú gbogbo èèyàn, ọjọ́ ti ń rọ̀, ni mo bá fẹ̀gbẹ́ tì í, mo sọ sí i létí pé ebi ń pa mí, pé òòyì ń kọ́ mi. Ó fẹ́ dìde. Ayàwòrán ní kó má dìde, iná fẹ́ bù yẹ̀rì. Bí ìyẹn ṣe kúrò níwájú ni bàbá àgbà kan dé láti wá ṣàdúrà fún wa, èèyàn ò sì lè dìde lójú àdúrà àgbà. Lẹ́yìn àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná wa lówó. Ó ní òun ń wo àwọn tó ń pín oúnjẹ bí wọ́n ṣe ń gba iwájú wa kọjá, ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, ẹran, wọ́n ń gbé e fún àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí. Nígbà tó fi máa ráyè rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, onítọ̀hún padà wá sọ pé kúlà ti ṣófo.

"Mọ́ọ̀tì kan lo mu. O sùn lọ nínú mọ́tò, gèlè ṣì wà lórí ẹ. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí."

Mo ní, "O ò sọ fún mi rí."

Ó gbójú sókè wò mí. "Ìgbà wo ni mi ò bá ti sọ ọ́?"

Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ó ń béèrè ni, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Mo wá ìdáhùn lọ títí, mi ò rí. Mo jẹ ẹyin náà. Nígbà tí ìrẹsì ewé mi tán, ó ní kí màmá bu òmíràn fún mi, ó sì jókòó tì mí, kò kánjú, kò wo aago, títí mo fi yó.

Ìgbà wo?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fojú inú wo ilé wa, mò ń wá ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá ti jáde. Kì í ṣe pé a máa ń ya ara wa sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílé wa, a kì í dákẹ́. Owó iléèwé ti tó san. Omi ti ń tán nínú táńkì. Ta ló máa lọ mú Fèyí nílé ẹ̀kọ́? Ǹjẹ́ o ti pe màmá lónìí? Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló gbé ilé dúró, ilé tí wọn ò bá ti ń sọ ọ́ á wó ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá kánjú nìkan ló ń ráyè wọlé láàrin wa. Ebi tó pa ìyàwó lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ò kánjú. Ó lè dúró dọ̀la. Ó sì ti dúró dọ̀la títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ewú lórí mi.

Ǹjẹ́ ìnáwó ì bá ti fún un láyè? Mo mọ bí ọjọ́ náà ì bá ṣe lọ. Mi ò bá ti jí láago mẹ́rin ìdájí, mi ò bá máa pe àwọn alásè, máa pe àwọn oníkánópì, máa ka ẹ̀bùn tí a fẹ́ pín. Ọkọ mi ì bá wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀. A óò jọ jáde jó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yà wá ní fọ́tò, a óò tún pínyà láti máa ti orí tábìlì kan dé òmíràn kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé a rí wọn. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Níbi ìnáwó tọkọtaya, àwọn méjì tí wọ́n torí wọn se oúnjẹ ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ní yẹn. Mo ti bi àwọn ọ̀rẹ́ mi léèrè láti ìgbà tí a ti dé, bóyá wọ́n jẹun lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "ta ló ń jẹun lọ́jọ́ ìgbéyàwó?" Ó yẹ ká bi ara wa ìdí tí ìyẹn fi dà bí ohun tó bójú mu lójú wa.

Mo ti wá rí ibi tí ìbéèrè Àǹtí ti wá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ rò ó wò: nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà wo ni wọ́n máa ń fi ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀ láwọn nìkan, tí wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ wọn, tí wọ́n á lé àwọn ọmọ jáde? Ìgbà tí ẹjọ́ bá wà ni. Àwọn àgbà á ní, "ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀." Ìdùnnú tiwa, ìta gbangba la ti ń ṣe é. Aáwọ̀ ló ń wọ yàrá. Ẹni tó dàgbà sínú irú ètò bẹ́ẹ̀, tó wá gbọ́ pé tọkọtaya fẹ́ lọ dá wà, ó di dandan kí àyà rẹ̀ já. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí wa ló sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí àwọn ọmọ mi má dàgbà sínú èrò yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bàbá àti ìyá wọn lè jáde ní àwọn méjì torí pé inú wọn dùn síra wọn.

Iyán inú odó

Ẹnì kan lè ní, ti àádọ́ta ọdún ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀ lójú mi. Tí àwọn òbí bá ti bára wọn dé àádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ bá kóra jọ láti ṣe é fún wọn, ọpẹ́ nìyẹn, ọpẹ́ sì yẹ ní gbangba. Kí wọ́n ṣáà rí i pé bàbá àti màmá jẹun. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n fún iṣẹ́ yẹn nìkan. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́.

Fún àwa tí a ò tí ì débẹ̀, kò dìgbà tí èèyàn bá lọ sí Dubai. Bí a gún iyán nínú odó, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, owó ìwọlé Olúmọ, ìrẹsì àti omi, gbogbo ohun tí a ná lọ́jọ́ náà ò tó owó kánópì. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní ọgbà Agódi, ó ní Òkè Ààrẹ tó lè gùn kó wo Mápó àti gbogbo òrùlé ìlú. Ará Èkó lè jókòó ní Freedom Park ní Broad Street, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà láyé àwọn òyìnbó. Àbúrò mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé ìnáwó inú gbọ̀ngàn ní Peckham ò yàtọ̀ sí tilé, aṣọ ẹbí ń lọ, gèlè ń lọ, pé àyájọ́ tirẹ̀ tó ń bọ̀, bọ́ọ̀sì làwọn máa wọ̀ lọ sétí odò Thames, àwọn á sì gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dání nínú abọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa bẹ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: kó yan ibi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì ti máa dilẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń wakọ̀, tí ọ̀kan bá ń bójú tó ọmọ, tí ọ̀kan bá ń fi fóònù ya ara wọn láti gbé e sórí WhatsApp, wọn ò tí ì jáde. Ìjókòó ọkọ̀ ojú irin yẹn, ká ní ọkọ mi ló wakọ̀ wa lọ, mi ò bá má rí àpá àtàǹpàkò rẹ̀, bóyá òun náà ì bá ti rẹ̀ débi pé tó bá jẹun tán, oorun ló máa kàn.

Ọ̀rọ̀ ti ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Èmi fẹ́ Ìdànrè, mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn yẹn kí ẹsẹ̀ mi tó di ti àgbàlagbà. Òun ní Àgbádárìgì, ó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí a jókòó sí etí òkun. A ò tí ì parí ẹ̀. Fèyí gbọ́ ọ lálẹ́ àná, ó ní ṣé àwọn náà máa tẹ̀ lé wa. Bàbá rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní rárá, pé ìyẹn tèmi àti ti màmá ẹ ni.